Ọ̀pá àti àwo nínú ìgò kan: bí àpòpọ̀ liquid crystal ṣe ń hùwà

Bí àwọn tó ń tún fóònù ṣe ní Ìjẹ̀bú-Òde tàbí Ṣàgámù bá gbé fóònù tó fọ́ lé irin gbígbóná tí wọ́n fi ń ṣí gíláàsì, tí síkíríìnì rẹ̀ sì ṣì ń tàn, ẹ fara balẹ̀ wo ojú rẹ̀. Tí ooru bá pọ̀ jù, apá kan á ṣú dúdú, dúdú náà á sì máa gbilẹ̀ bí wọn kò bá tètè gbé e kúrò. Oníbàárà á ti pariwo pé wọ́n ti ba nǹkan òun jẹ́. Wọn ò bà á jẹ́. Bó bá tutù tán, àwòrán á padà. Ohun tó wà láàárín gíláàsì méjèèjì, tí wọ́n ń pè ní liquid crystal, ló kúrò ní ipò tó wúlò, tó di olómi lásán tí kò lè darí ìmọ́lẹ̀ mọ́. Fóònù tó bá jẹ́ OLED kì í ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí kò sí liquid crystal nínú tirẹ̀.

Ìwọ̀n ooru wo gan-an ni èyí máa ń ṣẹlẹ̀? Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń rú èèyàn lójú, nítorí ohun tó wà nínú síkíríìnì kì í ṣe nǹkan ẹyọ kan. Àpòpọ̀ ni, oríṣi mólékù inú rẹ̀ sì lè ju mẹ́wàá lọ. Ọ̀pọ̀ èèyàn, títí kan akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ka kẹ́mísìrì, máa ń rò pé bí a bá da nǹkan méjì pọ̀, ìwà àpòpọ̀ náà á bọ́ sí àárín ìwà àwọn méjèèjì. Nígbà mìíràn, bẹ́ẹ̀ ni. Nígbà mìíràn, kò tiẹ̀ sún mọ́ ọn. Ìrísí mólékù, bóyá ó gùn tín-ín-rín bí ọ̀pá ni tàbí ó rí pẹrẹsẹ bí àwo, ló ń pinnu èyí tí yóò ṣẹlẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ẹyọ kan. Èyí tí wọ́n mọ̀ jù lọ ni 5CB, tí George Gray àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Yunifásítì Hull ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. Ọ̀pá ni mólékù rẹ̀: gígùn rẹ̀ tó nǹkan bí nanometer 2, ìbú rẹ̀ kò ju ìdá mẹ́rin gígùn náà lọ. Nísàlẹ̀ 24 °C, ó gan, kírísítà ni. Láti 24 títí dé 35 °C, ó ń ṣàn bí omi, ṣùgbọ́n kò mọ́ gaara, nítorí àwọn ọ̀pá inú rẹ̀ ń rìn kiri lọ́fẹ̀ẹ́ síbẹ̀ tí wọ́n kọjú sí apá kan náà. Ipò yìí ni wọ́n ń pè ní nematic. Bó bá ti kọjá 35 °C, ìkọjúsíbìkan náà tú ká, olómi náà sì mọ́ lójijì. Nítorí náà, nọ́ńbà méjì ló ṣe pàtàkì: ojú ìyọ́, níbi tí kírísítà ti yọ́, àti ojú ìmọ́, níbi tí nematic ti mọ́.

Friedrich Reinitzer ló kọ́kọ́ kíyè sí irú ojú méjì bẹ́ẹ̀ ní Prague ní 1888. Ohun tó ń yẹ̀ wò yọ́ ní 145.5 °C, ó ṣú, ó wá mọ́ ní 178.5 °C. Àwọn kan rò pé ìdọ̀tí ló wà nínú rẹ̀.

Fún àwa tí a wà ní Ìjẹ̀bú, 5CB jẹ́ ohun tí ojú ọjọ́ lè fi ṣeré. Bí wọ́n bá gbé ìgò rẹ̀ sínú yàrá tí wọ́n ti fèrèsé rẹ̀ pa lọ́sàn-án oṣù kẹta ní Ago-Ìwòyè, ooru yàrá náà lè kọjá 35 °C, kí ó sì mọ́ fúnra rẹ̀. Lówùúrọ̀ ọyẹ́, ó lè bọ́ sísàlẹ̀ 24. Ó sì ní ọmọ ìyá kan, 8CB, tí ìrù rẹ̀ fi kábọ́ọ̀nù mẹ́ta gùn jù tirẹ̀ lọ. Ìyẹn yọ́ ní 21.5 °C, kò sì kọ́kọ́ di nematic. Smectic ló ń dì: àwọn ọ̀pá á tò ní ìpele-ìpele. Ní 33.5 °C ni ìpele náà tú, tó di nematic, ó sì mọ́ ní 40.5 °C. Kábọ́ọ̀nù mẹ́ta péré ló mú ìpele wá.

Wàyí o, ọ̀pá pẹ̀lú ọ̀pá. Àpòpọ̀ kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ E7, tí ọ̀pọ̀ ilé ìwádìí ń lò títí dòní. Mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀, gbogbo wọn sì jẹ́ ọ̀pá: 5CB jẹ́ 51 %, 7CB jẹ́ 25 %, 8OCB jẹ́ 16 %, 5CT jẹ́ 8 %. Ojú ìmọ́ wọn, bí a bá to wọn tẹ̀ lé ara wọn, jẹ́ nǹkan bí 35, 43, 80 àti 240 °C. Ẹ fi ìdá kọ̀ọ̀kan sọ nọ́ńbà tirẹ̀ di púpọ̀, kí ẹ ro wọ́n pọ̀: 17.85, 10.75, 12.8 àti 19.2. Ó jẹ́ nǹkan bí 61 °C. Ojú ìmọ́ E7 gan-an wà láàárín 58 sí 60. Ìṣirò yẹn bá a mu dáadáa, ẹni tó gbà pé "àárín ni yóò bọ́ sí" á sì máa yọ̀.

Kó máà tíì yọ̀. Ẹ ṣe ohun kan náà fún ojú ìyọ́. Tiwọn jẹ́ nǹkan bí 24, 30, 54 àti 131 °C, ìṣirò náà sì fún wa ní 39 °C. Tó bá jẹ́ òótọ́ ni, E7 á máa gan nínú yàrá nílé wa láti àárọ̀ dalẹ́. Ṣùgbọ́n ó ń ṣiṣẹ́ ní nematic títí dé nǹkan bí −10 °C. Nǹkan bí àádọ́ta °C ló fi tàsé ìṣirò!

Ìdí rẹ̀ ni pé kírísítà máa ń ṣàṣàyàn. Kí 5CB tó di kírísítà, ó gbọ́dọ̀ rí 5CB mìíràn tí yóò fara tì gẹ́lẹ́. Kò gba àlejò. Bí wọ́n bá wà nínú àpòpọ̀, ọ̀nà tí mólékù lè gbà wà pọ̀ ti di púpọ̀ gan-an fún olómi, kírísítà kò sì jèrè kankan nínú rẹ̀. Nítorí náà, ó di dandan kí òtútù pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ kí ó tó lè gan. Nematic kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀pá èyíkéyìí ló lè wọ inú rẹ̀, bó bá ṣáà ti kọjú síbi tí àwọn yòókù kọjú sí. Olómi mímọ́ náà gba gbogbo wọn. Èrè ìdàpọ̀ tí ìhà kan jẹ ni ìhà kejì jẹ, wọ́n bá pa ara wọn rẹ́, ojú ìmọ́ sì dúró sí àárín. Ohun tí àwọn tó ń ṣe síkíríìnì ń wá gan-an nìyí: kí ojú ìyọ́ já wálẹ̀, kí ojú ìmọ́ má sì bà jẹ́.

Ẹ tún kíyè sí i pé 8OCB ní ipò smectic bó bá dá wà, ṣùgbọ́n E7 kò fi í hàn. Ìpele fẹ́ kí àwọn ọ̀pá gùn bákan náà. Bí gígùn wọn bá yàtọ̀, ìpele kì í dúró. Àfi pé èyí náà ní ẹ̀yìn tirẹ̀, nítorí a lè da ọ̀pá oní-cyano (èyí tí kábọ́ọ̀nù àti náítírójìn so pọ̀ ní orí rẹ̀) pọ̀ mọ́ ọ̀pá tí kò ní cyano lórí, kí àwọn méjèèjì jẹ́ nematic nìkan, kí smectic sì yọ ní àárín àpòpọ̀ wọn. Ní 1975, Patricia Cladis fi hàn ní Amẹ́ríkà pé àpòpọ̀ kan lè jẹ́ nematic, kó di smectic bó ṣe ń tutù, kó tún padà di nematic bó bá tún tutù sí i. Àpòpọ̀ 8OCB àti ọmọ ìyá rẹ̀, 6OCB, náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìwọ̀n kan. Bí ẹ bá rí irú rẹ̀, ẹ má kọ́kọ́ rò pé ẹ̀rọ yín ló ń ṣèrànrán.

Ní 1977, Sivaramakrishna Chandrasekhar àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ní Bangalore, ní Íńdíà, kéde liquid crystal tí mólékù rẹ̀ kì í ṣe ọ̀pá. Àwo ni: àárín rẹ̀ le, ó tẹ́jú, ìrù mẹ́fà sì yọ yí i ká. Àwọn àwo yìí máa ń gun ara wọn lórí, wọ́n á di òpó, àwọn òpó náà á sì tò sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ipò yẹn ni columnar. Ọ̀kan tí wọ́n ń lò gan-an ni HAT6, tó wà ní columnar láti nǹkan bí 70 sí 100 °C. Àwo kan tún lè ṣe nematic tirẹ̀, láìṣe òpó, bí gbogbo wọn bá ṣáà ti dojú kọ apá kan náà.

Kí ló máa ṣẹlẹ̀ bí ọ̀pá àti àwo bá bá ara wọn nínú ìgò kan? Ẹ ro ti ẹni tó ń ta nǹkan ìdáná ní Òkè-Àje, tó fẹ́ kó orógùn àti ìdérí ìkòkò sínú páálí kan ṣoṣo. Bí orógùn bá dá wà, á tò wọ́n gbọọrọ, páálí á gba púpọ̀. Bí ìdérí bá dá wà, á tò wọ́n léra. Ṣùgbọ́n bó bá pò wọ́n, orógùn kan tó ki ìdérí láàárín á gbé e sókè, ìdérí kan tó dábùú láàárín orógùn á yà wọ́n nípá, àyè á sì ṣòfò káàkiri. Bó bá gbọ́n, á kó orógùn sápá kan, á kó ìdérí sápá kejì.

Mólékù kò ní ọgbọ́n, kò sì nílò rẹ̀. Lars Onsager ṣàlàyé rẹ̀ ní 1949 pé ọ̀pá kò nílò ìfà kankan láàárín ara wọn kí wọ́n tó lè tò. Àyè nìkan tó. Ọ̀pá méjì tó dábùú ara wọn ń gba àyè tó pọ̀ lọ́wọ́ àwọn yòókù, èyí tó tò gbọọrọ kì í gbà tó bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá pọ̀ tó, títò á fún wọn láyè láti rìn ju àìtò lọ. Fún ọ̀pá tó gùn ní ìlọ́po 100 ìbú rẹ̀, ìṣirò Onsager sọ pé bí ọ̀pá bá ti tó nǹkan bí 3.3 % nínú àpapọ̀ omi náà, nematic á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, bó bá sì tó 4.2 %, gbogbo rẹ̀ á ti di nematic. Láàárín nọ́ńbà méjèèjì, olómi mímọ́ àti nematic jọ wà nínú ìgò kan ni. Wọ́n ń gbàgbé apá yìí jù: ìyípadà ipò nínú àpòpọ̀ kì í ṣe ojú kan, ó ní ìbú.

Ní ti ọ̀pá àti àwo, bí ọ̀pá bá kọjú sókè, àwo tó fẹ́ bá a gbé ní ìrẹ́pọ̀ gbọ́dọ̀ dúró lórí etí rẹ̀, kí ojú pẹrẹsẹ rẹ̀ kọ sí ẹ̀gbẹ́. Bí gbogbo àwo bá wá kọ ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan náà, ìgò náà á ní ìkọjúsí méjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ọ̀kan fún ọ̀pá, ọ̀kan fún àwo. Biaxial nematic nìyẹn. Richard Alben ṣe ìṣirò rẹ̀ ní 1973, ó sì sọ pé àpòpọ̀ ọ̀pá àti àwo yẹ kó fún wa nírú rẹ̀. Inú àwọn onísáyẹ́ǹsì dùn sí i, nítorí irú ohun bẹ́ẹ̀ lè mú kí síkíríìnì máa yí kíákíá. Ṣùgbọ́n ìṣirò yẹn gbà pé wọn ò ní ya ara wọn. Nínú ìgò gan-an, kó tó di pé ipò yẹn lágbára, wọ́n ti pínyà: nematic ọ̀pá lọ́tọ̀, nematic tàbí columnar àwo lọ́tọ̀.

Èyí tó hàn gedegbe jù ni ti Felix van der Kooij àti Henk Lekkerkerker ní Utrecht, ní Netherlands, ní 2000. Wọn ò lo mólékù, wọ́n lo èérún tó tóbi jù ú lọ: ọ̀pá boehmite àti àwo gibbsite, tí àwọn méjèèjì jẹ́ ohun tí wọ́n fi aluminium ṣe. Wọ́n gbé ìgò kalẹ̀, wọ́n sì fi sílẹ̀. Biaxial kò yọ. Ìpele ló yọ, ọ̀kan lórí èkejì, ó sì tó márùn-ún nínú ìgò mìíràn. Òfin Gibbs, tó ń sọ iye ipò tó lè jọ wà pọ̀, sọ pé ohun mẹ́ta, ìyẹn ọ̀pá, àwo àti omi tí wọ́n wà nínú rẹ̀, kò lè ní ju ipò mẹ́ta lọ pa pọ̀ bí ooru àti ìtẹ̀ kò bá yí. Ibo ni méjì yòókù ti wá? Èérún wọn kò dọ́gba. Ọ̀pá gígùn àti ọ̀pá kúkúrú kì í ṣe ohun kan náà lójú òfin yẹn.

Àwọn onísáyẹ́ǹsì méjì, Yu àti Saupe, ti rí biaxial ní 1980, ṣùgbọ́n inú omi ọṣẹ ni: potassium laurate, decanol àti omi. Níbẹ̀, kò sí ọ̀pá àti àwo tó lè pínyà. Ìdìpọ̀ ọṣẹ kan náà ló ń yí ìrísí padà. Àwọn kẹ́míìsì mìíràn gba ọ̀nà àrékérekè: wọ́n fi okùn kẹ́míkà so ọ̀pá mọ́ àwo, kí wọ́n má lè sá fún ara wọn.

Bí àpòpọ̀ bá ti pínyà, ohun kan máa ń da akẹ́kọ̀ọ́ láàmú. Ẹ ro àpẹẹrẹ yìí: ní ìwọ̀n ooru kan, ìpele tó kún fún ọ̀pá ní àwo 10 %, ìpele tó kún fún àwo ní àwo 70 %. Bí àpapọ̀ ohun tí a dà sínú ìgò bá ní àwo 40 %, ìpele àwo á jẹ́ (40 − 10) ÷ (70 − 10), ìyẹn ìdajì ìgò. Bó bá jẹ́ 25 % la dà sí i, á jẹ́ 15 ÷ 60, ìdá mẹ́rin. Ìpele ló pọ̀ sí i tàbí dín kù. Ohun tó wà nínú ìpele kọ̀ọ̀kan, 10 àti 70 yẹn, kò yí rárá títí ooru fi yí. Ẹni tó bá ń fi àwo kún un pẹ̀lú ìrètí pé ìpele ọ̀pá á máa gba àwo sí i, asán ló ń ṣe.

Ìrísí yòókù, ní ṣókí. Mólékù tó tẹ̀ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbajúmọ̀ láti 1996, nígbà tí àwọn ará Japan fi hàn pé ìpele mólékù bẹ́ẹ̀ lè ní ìhà rere àti ìhà òdì iná mànàmáná. Díẹ̀ nínú rẹ̀ lè wọnú nematic ọ̀pá, á sì mú kó rọrùn fún nematic náà láti tẹ̀. Ohun tí kò ní ìrísí gígùn tàbí pẹrẹsẹ rárá, bí acetone tó ṣẹ́ kù nínú ìgò, ń fa ojú ìmọ́ wálẹ̀, ó sì ń fẹ ìbú ibi tí ipò méjì ti jọ wà.

Ní ti ṣíṣe rẹ̀. Fún àpòpọ̀ àwo 10 %, ẹ wọn àwo milligram 20 àti ọ̀pá milligram 180 sínú ìgò kékeré gbígbẹ, lórí òṣùwọ̀n tó lè ka ìdá mẹ́wàá milligram. Ẹ wọn èyí tó kéré kọ́kọ́. Ẹ dé e pa, ẹ gbé e sí ooru tó fi °C 10 ga ju ojú ìmọ́ èyí tó ga jù nínú wọn, fún ìṣẹ́jú 15, ẹ máa mì í. Bí ẹ kò bá dé ibẹ̀, àwo kò ní yọ́ tán, ẹ ó sì máa wọn ohun tí kì í ṣe 10 %. Kán díẹ̀ sórí gíláàsì pẹlẹbẹ, fi gíláàsì fẹ́lẹ́ bò ó, kó o gbé e sábẹ́ míkírósíkóòpù láàárín polarizer méjì (fíìmù tó ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ tó ń gbọ̀n sí apá kan nìkan kọjá) tó dábùú ara wọn. Ẹni tí kò ní ti míkírósíkóòpù lè já polarizer lára kálíkúlétọ̀ tó ti kú. Fún 5CB, ife omi tó tó 45 °C àti ojú ìhòòhò ti tó láti rí ìmọ́.

Ẹ lè kọ́kọ́ yára gbóná án, ṣùgbọ́n bó bá ku °C 5 sí ibi tẹ́ ẹ fojú sun, kó di °C 1 ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ kọ nọ́ńbà méjì sílẹ̀: ìgbà tí àmì dúdú kìíní yọ, àti ìgbà tí ìmọ́lẹ̀ ìkẹyìn pa. Etí ibi tí ipò méjì ti jọ wà ni àwọn méjèèjì. Ẹni tó kọ ẹyọ kan ṣoṣo sílẹ̀ ti ju ìdajì iṣẹ́ rẹ̀ nù. Nematic á fi ojú tó dà bí ẹ̀ka dúdú méjì tàbí mẹ́rin tó pàdé hàn, á sì máa mì lẹ̀kẹ̀lẹ̀kẹ̀ bí ẹ bá tẹ gíláàsì. Smectic A á ṣe bí abẹ̀bẹ̀. Columnar á le, kò ní fẹ́ ṣàn.

Ẹ̀tàn kan wà níbẹ̀. Nematic lè dúró ṣánṣán lórí gíláàsì, ìmọ́lẹ̀ á kọjá ní gígùn rẹ̀, gbogbo ojú á sì dúdú bí ẹni pé ó ti mọ́. Ẹ fi ṣóńṣó péńsù tẹ gíláàsì òkè. Bó bá tan yẹ̀ẹ̀, nematic ni.

Bí ẹ bá kàn fẹ́ mọ̀ bóyá méjì á gba ara wọn, ẹ kò nílò ìgò mẹ́wàá. Ẹ yọ́ èyí tí ojú ìyọ́ rẹ̀ ga sí abẹ́ ìdajì gíláàsì fẹ́lẹ́, ẹ jẹ́ kó gan. Ẹ fi èkejì sí etí òdìkejì, kó fà wọlé fúnra rẹ̀. Níbi tí wọ́n ti pàdé, gbogbo ìwọ̀n láti 0 sí 100 % ló wà lójú kan. Bí ìlà dúdú bá là láàárín ìhà méjì tó ń tàn, wọn ò fẹ́ràn ara wọn, àpòpọ̀ wọn ti mọ́ kí ẹnikẹ́ni nínú wọn tó mọ́. Bí ìmọ́lẹ̀ bá lọ tààrà láìní ààlà, ìrísí wọn bára mu.

Bí ẹ bá rí ipò mẹ́ta nínú àpòpọ̀ ohun méjì fún °C bíi mélòó kan, ìgò yín kò mọ́ tàbí kò tíì balẹ̀. Ojú kan ṣoṣo ni òfin Gibbs gbà fún mẹ́ta nígbà tí ìtẹ̀ kò yí. Ẹ má sì gbẹ́kẹ̀ lé nọ́ńbà tẹ́ ẹ kà nígbà tó ń tutù fún ojú ìyọ́. 5CB lè wà nísàlẹ̀ 24 °C fún ọjọ́ púpọ̀ kó má gan.

Ìgò tó ti jókòó sí ìsọ̀ tàbí ilé ìwádìí tipẹ́, pàápàá láti ọyẹ́ wọ oṣù kẹta, lè ti ní kírísítà tàbí ìpele kan nísàlẹ̀. Ẹ má fa ti òkè nìkan lò. Ẹ gbé odindi ìgò náà kọjá ojú ìmọ́, ẹ mì í, kí ẹ tó fi abẹ́rẹ́ fà á, nítorí ohun tẹ́ ẹ fà láti òkè kò ní jẹ́ ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára ìgò, èyí tó ṣẹ́ kù nínú rẹ̀ náà kò sì ní jẹ́ ẹ mọ́.